Àmì kan lórí ìwé ìsìnkú: ọ̀rọ̀ àwa mẹ́rin tá a jọ ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé l'Ókè Àdó

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná lọ́kàn mi, torí ohun tójú mi rí ní Sátidé tí àwa mẹ́rin tún pàdé ni pé gbogbo wa la wà níbẹ̀ nígbà tí àṣìṣe orí ìwé ìsìnkú kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1985, ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la sì ti ń sọ ọ́ kiri látìgbà náà, kò wá sí òpùrọ́ kankan nínú wa o.

Èmi ni mo kéré jù. Dísì ni wọ́n ń pè mí nígbà yẹn, Dísì náà ni wọ́n ṣì ń pè mí báyìí tí mo ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, níwájú ìyàwó mi, níwájú àwọn ọmọ mi, kò sóhun tí mo lè ṣe sí i. Ọdún 1983 ni bàbá mi mú mi lọ kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan l'Ókè Àdó, n'Íbàdàn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, iṣẹ́ tí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n máa dísì. Ẹ̀gbọ́n Sítíìkì ni kọ̀mpósítọ̀ wa, ẹni tó ń to lẹ́tà, Bọ̀dá Maṣíìnì ló ń tẹ̀wé, Ìyá Bàíńdìn ló ń ká ìwé tó ń gé e tó ń fi pín-ìnnì dè é, ọmọge ni nígbà yẹn ṣá o, kò tíì sí ìyá kankan lórúkọ ẹ̀. Ọ̀gá wa ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹni tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló bá láyé ò lè mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Òjé ni lẹ́tà wa, ìkọ̀ọ̀kan dá dúró gedegbe, kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ. Inú kéèsì ni wọ́n ń gbé, àtẹ igi pẹlẹbẹ tí wọ́n pín sí ojúlé wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, lẹ́tà ńlá lókè, lẹ́tà kékeré nísàlẹ̀. Kọ̀mpósítọ̀ á fọwọ́ òsì di sítíìkì mú, irin kékeré tí wọ́n ń to ìlà lẹ́tà sí, á máa fọwọ́ ọ̀tún ṣa lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, orí lẹ́tà á wà nísàlẹ̀, ojú ẹ̀ á yí sódì bí ìgbà téèyàn ń wo ìwé nínú dígí, síbẹ̀ Ẹ̀gbọ́n á máa kà á geere bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Tó bá kún, ó di orí gáàlì, àtẹ tá a ń kó àwọn ìlà jọ sí, a dè é lókùn, a fa pùrúùfù, ìwé àkọ́tẹ̀ tá a fi ń wá àṣìṣe, a tì í pa sínú ṣéèsì, férémù irin ẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Maṣíìnì. Tíṣẹ́ bá wá parí, a ó fi kẹrosíìnì fọ gbogbo lẹ́tà yẹn, èmi ni n óò sì dá wọn padà, a sílé a, b sílé b, títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọwọ́ mi á máa rùn kẹrosíìnì débi pé ẹ̀bà ò ní dùn lẹ́nu mi. Dísì nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kọ̀mpósítọ̀ kì í wo kéèsì, ọwọ́ ẹ̀ ló mọ ojúlé, bó o bá ti ju lẹ́tà kan sílé onílé pẹ́nrẹ́n, o ti dẹ páńpẹ́ sílẹ̀ dè é nìyẹn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mú un.

Ó tún wá burú jù tó bá jẹ́ iṣẹ́ Yorùbá. Àwọn òyìnbó tó ṣe kéèsì, èdè tiwọn ni wọ́n ṣe é fún, e ni wọ́n fún ní yàrá tó tóbi jù. Yorùbá dé, ó ní o mẹ́fà lòun ní, o, ò, ó, ọ, ọ̀, ọ́. E náà, mẹ́fà. A, i, u, mẹ́ta mẹ́ta. Mọ́kànlélógún nìyẹn, a ò tíì dárúkọ ṣ, a ò tíì dárúkọ ń àti ǹ, a ò tíì dọ́dọ̀ lẹ́tà ńlá rárá. Láti 1859 tí wọ́n ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn l'Ábẹ́òkúta ni Yorùbá ti ń fojú kọ̀mpósítọ̀ rí màbo. Ṣọ́ọ̀bù olówó lè ra gbogbo ẹ̀ pé, tiwa ò lówó ẹ̀, fọ́ńtì Yorùbá kan ṣoṣo la ní, kò sì pé. Ọ̀gá ló fọwọ́ ara ẹ̀ gé páálí tó fi pín ojúlé kan sí méjì, o lásán lọ́wọ́ ọ̀tún, ó olóhùn òkè lọ́wọ́ òsì, páálí náà ò sì ga. Ẹ rántí páálí yìí o.

Kó tó dórí àmì gan-an, ìjà sípẹ́lì ti wà nílẹ̀. Láti 1974 ni wọ́n ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun, ayé dípò aiye, ènìyàn dípò enia, àwọn oníbàárà wa ò gbà, pàápàá àwọn alàgbà ìjọ, wọ́n á ní aiye ló wà nínú Bíbélì àwọn, ṣé ìwọ wá mọ̀ ju Bíbélì lọ ni? Ọ̀gá á ní kí Ẹ̀gbọ́n tò ó bí wọ́n bá ṣe fẹ́, pé ẹni tó ń sanwó ló ni sípẹ́lì.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyí. Ó ku oṣù díẹ̀ kí Babangida gbàjọba lọ́wọ́ Buhari ní August 1985. Ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè, ìdílé kan wá láti apá Ìdó, ìyá wọn ti kú, àgbẹ̀ ni ìyá náà, ẹni ọdún 87, Sátidé nìsìnkú. Wọ́n fẹ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ìwé, ojú ìwé mẹ́jọ. Wọ́n san ìdajì, wọ́n ní tí wọ́n bá sìnkú tán àwọn á wá san ìyókù. Aago méje, iná lọ. A tan àtùpà, Ẹ̀gbọ́n ń tò, èmi ń dísì iṣẹ́ àná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí lẹ́tà lè wà fún un, torí bó ṣe ń tò ni kéèsì ń gbẹ. Nígbà tó dé ojú ìwé karùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ìgbésí ayé ìyá, ọ tán. Gbogbo ọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ti lọ sórí orin ìsìn. Ọ̀gá ní kó máa fi o lásán rọ́pò, tá a bá tẹ̀ ẹ́ tán a ó jókòó fi bírò tọ́ àmì sí i nísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Mọ́kànlá irú o bẹ́ẹ̀ ló wà lójú ìwé yẹn, nínú ìwé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé ọ̀ọ́dúnrún àmì la fẹ́ fi bírò tọ́ kílẹ̀ tó mọ́, àwa mẹ́rin, lábẹ́ àtùpà.

Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó ní Ìyá fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ títí dọjọ́ ikú. O méjèèjì inú ọkọ ló yẹ kó jẹ́ o lásán, ìyẹn ò tíì burú. Àmọ́ èkejì tí Ẹ̀gbọ́n mú nínú kéèsì, kì í ṣe o lásán, ó ni, ohùn òkè wà lórí ẹ̀ gbọnrangandan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ yọ àmì ìsàlẹ̀ ọkọ kúrò, kẹ́ ẹ wá gbé àmì òkè lé èkejì lórí, kẹ́ ẹ kà á síta tí kò bá sí ọmọdé nítòsí. Ìyá ẹni ọdún 87 o. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, àrẹ̀mọ ìyá náà wọlé, ó ń gbọ̀n, ó la ìwé mọ́ orí tábìlì Ọ̀gá, ó ní kọ́bọ̀ kan àwọn ò ní san mọ́. Ọ̀gá gé owó oṣù méjì Ẹ̀gbọ́n Sítíìkì. Ẹ̀gbọ́n ò bá a jà, ó ṣiṣẹ́ dé Fúráìdè, ó nu sítíìkì ẹ̀, ó fi í sínú báàgì, ó wọkọ̀ Èkó. A ò gbúròó ẹ̀ mọ́. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé lọ́dún 1986, owó bébà fò sókè, àwọn tó ní ẹ̀rọ ọ́fúsẹ́ẹ̀tì gba oníbàárà lọ́wọ́ wa, nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990 Ọ̀gá ti ta gbogbo lẹ́tà òjé fún àwọn tó ń rọ òjé ìpẹja, ó tà á ní kílò kílò. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́. Kò sí lẹ́tà kan nínú ẹ̀ tí ọwọ́ mi ò kàn rí.

Sátidé tí mo wí lókè yẹn, ọ̀dọ̀ Ìyá Bàíńdìn ní Apáta la ti pàdé. Ọmọ Ẹ̀gbọ́n tó wà n'Íbàdàn ló bímọ, ó wá fún ìkómọ, ó ní òun ò ní padà s'Ékòó láìfojú kan wa. Bọ̀dá Maṣíìnì ti wá látàárọ̀, ó ti jẹ àmàlà àkọ́kọ́ kí n tó dé. Àmàlà dúdú, gbẹ̀gìrì, ewédú, ògúnfe, Ìyá Bàíńdìn ò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kankan títí abọ́ fi mọ́. Ẹ̀gbọ́n ti darúgbó, ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, àmọ́ àtàǹpàkò òsì ẹ̀ ṣì tẹ̀ sínú bó ṣe máa ń tẹ̀ nígbà tó bá fi ń ti ìlà lẹ́tà nínú sítíìkì, bó ṣe di ife omi mú gan-an nìyẹn. Ṣómólú ló balẹ̀ sí nígbà yẹn, ó kọ́ ẹ̀rọ ọ́fúsẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Kord níbẹ̀, ó ra tiẹ̀, ó kọ́lé, ó fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Mo ní kí n ya fọ́tò wa, mo yí kámẹ́rà síwájú, kàléńdà ìjọ kan wà lára ògiri lẹ́yìn wa, lójú fóònù gbogbo ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ti yí sódì. Ẹ̀gbọ́n wo fóònù, kò wo ògiri, ó ka kàléńdà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, dórí nọ́ńbà fóònù ìjọ. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Bọ̀dá Maṣíìnì ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, àjẹ́ ni ẹ́." 

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti débi ìwé ìyá Ìdó. Ìyá Bàíńdìn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ìgbà tóun bá wà níbi ìsìnkú, òun kọ́kọ́ ń ka ìwé kí òun tó jókòó. Mo rí i pé ààyè rèé. Ogójì ọdún ni nǹkan yìí ti wà lọ́rùn mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ṣe é, alẹ́ ọjọ́ yẹn mo fẹ́ kí kéèsì sún mọ́ àtùpà, mo fà á jáá, mo gbọ́ bí lẹ́tà ṣe fò kọjá páálí Ọ̀gá, ó olóhùn òkè bíi mẹ́ta bọ́ sọ́dọ̀ o lásán, oorun ń kùn mí, mo ní n óò ṣà wọ́n tó bá dàárọ̀. Wọ́n gé owó yín nítorí tèmi, ẹ filé sílẹ̀ nítorí tèmi.

Kí n tó dìde, Bọ̀dá Maṣíìnì ti ké sí mi, "Dìde jàre, ta ló bi ẹ́?" Ó ní òun lòun jẹ̀bi. Ó ní Ọ̀gá ò tíì fọwọ́ sí pùrúùfù ojú ìwé karùn-ún nígbà tóun gbé e sórí ẹ̀rọ, òun fẹ́ tètè parí, àti pé òun rí àmì yẹn! Ó rí i lórí ìwé bí ogún àkọ́kọ́, ó rò pé ìdọ̀tí ni, ó fi àtàǹpàkò nù ún, kò lọ, ó ní bóyá ìǹkì ló ń sàn, ló bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Látìgbà yẹn ló ti ń sọ fáwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ nu nǹkan tí wọn ò tíì kà.

Ìyá Bàíńdìn náà ní kò síbi tí ẹ̀yin méjèèjì ń lọ. Bírò bọ́ lọ́wọ́ òun lóru ọjọ́ yẹn, oorun gbé òun lọ lórí ìdì tó wà níwájú òun, nígbà tóun ta jí, òun ò mọ èyí tóun ti tọ́ àmì sí nínú wọn, èyí tóun ò tíì tọ́, òun kàn kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ òun ń ká a. Ó ní tí àmì ìsàlẹ̀ bá pé, kò ní di ohun tó dà.

Mo rò pé Ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín, tàbí kó súre fún wa. Ńṣe ni ojú ẹ̀ le. Ó ní, "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́ mi ni?" Ó ní ọmọ iṣẹ́ tó ń dísì, àṣìṣe ni iṣẹ́ ẹ̀, gbogbo kọ̀mpósítọ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí ẹ̀ rèé tí wọ́n fi ní kéèyàn ka ìlà tó wà nínú sítíìkì kó tó tò ó dénú gáàlì. Òun ò kà á. Òun ni òun mú lẹ́tà yẹn dání, òun fọwọ́ kan ojú ẹ̀, ọwọ́ òun sì gbọ́ pé nǹkan kan wà lórí ẹ̀, òun wá ní aago mọ́kànlá ti lù, ebi ń pa òun. Ó ní, "Ohun tó gbé mi dé Ṣómólú nìyẹn, Dísì, mi ò ní kí o bá mi pín in." Kò bínú o, àmọ́ kò ṣeré. Èmi tí mo ti gbé ẹ̀bẹ̀ yẹn pọ́n fún ogójì ọdún, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ sílé.

Gbogbo wa dákẹ́ díẹ̀. Ni Ìyá Bàíńdìn bá dìde, ó wọ yàrá, a gbọ́ tó ń fa àpótí. Ó mú ìwé kan jáde tó ń rùn káńfọ̀, ó ti pọ́n bí tábà. Ó ní ọjọ́ tá a kó wọn fún àwọn onílé òkú ni òun ti mú ọ̀kan, torí ìwé yẹn ni òun kọ́kọ́ dá gé fúnra òun, Ọ̀gá ò fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Gbogbo wa ti gbàgbé pé ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni mú u pa mọ́. Ó ṣí i sí ojú ìwé karùn-ún, Ẹ̀gbọ́n gba gíláàsì ojú Bọ̀dá Maṣíìnì, ó fi wò ó.

Àmì bírò wà níbẹ̀, búlúù, ó ti fẹ́ ṣá. Ó wà lábẹ́ o àkọ́kọ́. Ó wà lábẹ́ o kejì. Ohùn òkè náà wà lórí ẹ̀, kò kúrò. Ẹ bá mi tò ó pọ̀.

"Ìyá fẹ́ràn ọkọ́ rẹ̀ títí dọjọ́ ikú." Ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko!

Ẹ̀rín tá a rín lọ́jọ́ yẹn, ọmọ-ọmọ Ìyá Bàíńdìn sáré wọlé wá wò wá. Bọ̀dá Maṣíìnì ní ṣebí àgbẹ̀ ni ìyá náà, kí ló wá burú níbẹ̀, ìyìn lẹ ti fi yìn ín. Nígbà tẹ́rìn-ín lọ sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa. Èwo ló wà lọ́wọ́ àrẹ̀mọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, èyí tó ní àmì àbí èyí tí kò ní? Ẹ̀gbọ́n ní èyí tí kò ní ni. Mo ní ṣé ẹ rí i? Ó ronú títí. Ó ní rárá, Ọ̀gá ló sọ fóun. Bọ̀dá Maṣíìnì, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló wà, ariwo ló gbọ́. Ìyá Bàíńdìn ti lọ ra ẹ̀kọ. Èmi ń bẹ nísàlẹ̀ tábìlì, mò ń ṣa lẹ́tà. Kò sẹ́ni tó rí ìwé náà nínú wa! Bọ̀dá Maṣíìnì wá sọ èyí tó ń bẹ nínú ẹ̀, ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ san owó tó kù, àmì kan ṣoṣo ti tó o, ì báà jẹ́ ọkọ́ lẹ kọ, ì báà jẹ́ èyí tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn lẹ kọ. Ẹ̀gbọ́n ò fèsì. Ó ń fi èékánná gbo àmì búlúù yẹn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa lọ, Ìyá Bàíńdìn bá gba ìwé ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀ mo ya ojú ìwé náà ní fọ́tò. Mo ṣí ìsọ̀rí WhatsApp kan fún àwa mẹ́rin lóru ọjọ́ yẹn, mo fi fọ́tò náà ṣọwọ́, mo ní kí n kọ gbólóhùn yẹn sábẹ́ ẹ̀ kó lè tètè yé Ẹ̀gbọ́n tójú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Inú ọkọ̀ ni mo wà, mi ò ráyè wá àmì lórí fóònù, mo kàn tẹ̀ ẹ́ báyìí, Iya feran oko re titi dojo iku.

Kò tó ìṣẹ́jú kan tí Ìyá Bàíńdìn fi dáhùn. Ó ní, "Dísì, oko wo nínú ẹ̀?"